Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ní láti sọ̀rọ̀ ikọ̀ Àlgéríà lórí rédíò. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Atọ́kùn_Òwúrọ̀ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Mo máa ń ṣe ètò eré ìdárayá lédè Yorùbá lórí rédíò láràárọ̀ Sátidé. Láti ìgbà tí Kóńgò ti fi pẹnáritì lé wa dànù lọ́nà Ife Àgbáyé 2026, ọ̀gá mi ní kí n máa mú orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn olùgbọ́ lè rí ẹni tí wọ́n á máa bá yọ̀. Àlgéríà ló kàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo polówó ètò náà fún ìṣẹ́jú méjì péré, ìṣẹ́jú méjì yẹn náà ni mo fi ba nǹkan jẹ́. Mo pè wọ́n ní "àwọn Lárúbáwá kan báyìí tí wọn ò tíì na ẹni ńlá kankan rí". N kò tíì gbẹ́nu kúrò lórí ẹ̀rọ tí bàbá kan fi pè wọlé. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti bí ẹ nígbà tí wọ́n na Jámánì?" Ó pa fóònù. Ọmọkùnrin tó ń bá mi yí ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín títí ètò fi parí.

Ìbéèrè mi nìyí: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ta ni kí n dárúkọ, ta ni kí n fò? Báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọn? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni o, ìpolówó ọjà á sì jẹ mẹ́fà níbẹ̀.

Bàbá_Sùúrùlérè

O ṣeun tó o wá bèèrè. Pápá ìṣeré Sùúrùlérè ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbọ́ ẹ wà nínú ìtàn yẹn.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980 ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Láti aago méje àárọ̀ ni a ti tò síta, gààrí àti ṣúgà wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé n kò rí góòlù àkọ́kọ́. Ẹnì kan tẹ bàtà mi bọ́ lẹ́sẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti wá a, ilé bá wó lé mi lórí: gbogbo èèyàn ti fò sókè. Ìṣẹ́jú kejì péré ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá a wọlé. Ó gbá òmíràn kí wọ́n tó lọ sinmi, nígbà tí wọ́n padà dé, Múdà Láwàl fi ẹ̀kẹta lé e. 3-0. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà nìyẹn, lára Àlgéríà la sì ti gbà á. Bàtà kan ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì dé Ojúẹlẹ́gbà.

Ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀lé e ni kó o dúró lé lórí. Oṣù kẹwàá 1981 ni wọ́n tún padà sí pápá kan náà, wọ́n ń wá ọ̀nà Ife Àgbáyé 1982. A ti ń kọrin kí wọ́n tó jáde. Ṣé ẹni tí a lù ní àlùbolẹ̀ lọ́dún tó kọjá la fẹ́ máa bẹ̀rù? Wọ́n na wá ní 2-0, níwájú wa, nílé wa. Nígbà tí a lọ bá wọn ní Constantine, wọ́n tún fi 2-1 lé e. Lakhdar Belloumi ló ń darí wọn láàárín pápá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó rí pẹlẹbẹ, tí kì í sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún náà. Àwa jókòó sílé, àwọn lọ sí Spéìn. Ohun tí wọ́n lọ ṣe níbẹ̀, kí ẹlòmíràn sọ ọ́, ọwọ́ ń ro mí.

Ìyá_Ìbejì_Lyon

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ 1980. Ìyẹn ìtàn tiwa ni, kì í ṣe tiwọn.

Ọdún kejìdínlógún mi rèé ní Lyon. Àwọn ará Àlgéríà ló yí wa ká: ẹni tó ń ta ẹran, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, obìnrin tó ń bá mi mú àwọn ìbejì láti iléèwé tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Bàbá kan wà nísàlẹ̀ ilé wa, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí ikọ̀ wọn bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kì í gbé àwòrán Mahrez tó jẹ́ ìràwọ̀ ikọ̀ wọn kọ́. Fọ́tò dúdú-òun-funfun ńlá kan ló máa ń gbé sí ojú fèrèsé, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ bọ́ọ̀lù, wọ́n dì mọ́ra wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹbí rẹ̀ ni.

Ikọ̀ 1958 ni wọ́n. Ogun òmìnira ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Faransé ló ń ṣèjọba Àlgéríà, ẹgbẹ́ ajìjàgbara tí wọ́n ń pè ní FLN sì ń bá wọn jà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Àlgéríà tó dára jù, Faransé ni wọ́n ti ń jẹun: Mustapha Zitouni ní Monaco, Rachid Mekhloufi ní Saint-Étienne, Abdelhamid Kermali níbí ní Lyon. Wọ́n ti ń ka Zitouni àti Mekhloufi mọ́ àwọn tó máa gbá Ife Àgbáyé fún Faransé ní Sweden lọ́dún yẹn. Nígbà tó di oṣù kẹrin 1958, ní bí oṣù méjì sí ìdíje náà, wọ́n yọ́ lọ. Wọn ò dágbére fún kílọ́ọ̀bù, wọ́n gba Switzerland àti Italy kọjá, wọ́n sì yọ ní Tunis. Sójà ni Mekhloufi lásìkò náà, ó ń sin ilẹ̀ Faransé bí òfin ṣe wí. Bí wọ́n bá mú un lójú ọ̀nà, ẹjọ́ ẹni tó sá kúrò nínú iṣẹ́ ológun ló máa jẹ́. Wọ́n mú àwọn kan nínú wọn lóòótọ́.

FIFA kò gbà wọ́n. Wọ́n dá ikọ̀ sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tí kò tíì sí, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri, Tùnísíà, Mòrókò, Iraq, ìlà-oòrùn Yúróòpù, títí dé China àti Vietnam, títí òmìnira fi dé ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1962.

Atọ́kùn, bó o bá fò èyí, kò sí bí olùgbọ́ ṣe máa mọ ìdí tí ọmọ tí wọ́n bí sí Paris, tó ń jẹ búrẹ́dì Faransé, ṣe máa sunkún tó bá wọ aṣọ aláwọ̀ ewé.

Atọ́kùn_Òwúrọ̀

Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ìyá Ìbejì, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Mekhloufi? Ṣé Faransé dárí jì í?

Ìyá_Ìbejì_Lyon

Ó padà sí Saint-Étienne lẹ́yìn òmìnira, kílọ́ọ̀bù kan náà tó sá fi sílẹ̀. Ní àṣekágbá ife Faransé ọdún 1968, òun ló gbá góòlù méjèèjì tí wọ́n fi na Bordeaux ní 2-1, ọwọ́ Ààrẹ de Gaulle ló sì ti gba ife náà. Oṣù kọkànlá 2024 ló kú. Bàbá ìsàlẹ̀ kò tan tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta.

Rẹfirí_Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n gba ti Spéìn sọ fún Bàbá Sùúrùlérè. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fọn fèrè káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, tí mo bá sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin, Gijón ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 1982. Jámánì Ìwọ̀-oòrùn ni ọba Yúróòpù. Àlgéríà kò gbá Ife Àgbáyé rí láyé. Rabah Madjer gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Àlgéríà, Rummenigge dá a padà fún Jámánì ní ìṣẹ́jú kẹtàdínláàádọ́rin. Ibi tó o ti máa dẹ ohùn rẹ sílẹ̀ nìyí, Atọ́kùn. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí àárín pápá kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àlgéríà fi lé ara wọn lọ́wọ́, lọ́tùn-ún, lẹ́yìn, lósì, kò sí ọmọ Jámánì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn án. Salah Assad gba a ní ìhà òsì, ó sáré wọ inú, ó gbé e kọjá níwájú ilé, Belloumi ti dúró dè é ní òpó kejì. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀. 2-1, ibẹ̀ ló sì parí sí.

Àbùkù wá kù. Àlgéríà fìdí rẹmi lọ́wọ́ Austria, 0-2, wọ́n na Chile ní 3-2. Nígbà yẹn àmì méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí, nítorí náà Àlgéríà ti ní mẹ́rin, wọ́n sì ti parí tiwọn. Ní ọjọ́ kejì ni Jámánì àti Austria ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Àwọn méjèèjì ti mọ èsì gbogbo ẹni tó kù. Ká ní Austria borí tàbí kí wọ́n gbá ọ̀mì, Jámánì á kó ẹrù rẹ̀. Ká ní Jámánì fi góòlù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ borí, Austria ló máa padà sílé. Ṣùgbọ́n tí Jámánì bá fi ẹyọ kan tàbí méjì borí, àwọn méjèèjì á jọ kọjá, Àlgéríà á padà sílé. Hrubesch, ọmọ Jámánì, gbá ọ̀kan wọlé kí ìṣẹ́jú méjìlá tó pé. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti kú. Wọ́n ń tì í síra wọn bí ẹni ń ṣeré ayò lábẹ́ igi. Àwọn ọmọ Àlgéríà tó wà lórí ìjókòó ń na owó sókè, wọ́n ń fi sọ pé ẹ ti gbowó.

Èyí kan ìwọ gan-an tó jẹ́ atọ́kùn: ẹni tó ń ṣàlàyé eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n Austria sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n wọn. Ọmọ ìlú wọn ni o, ìlú rẹ̀ ló sì ń kọjá lọ.

FIFA ò rí ẹ̀sùn kankan fi kàn wọ́n, torí kò sí ibi tí òfin ti ní kéèyàn má rọra gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé láti 1986, eré méjì tó kẹ́yìn ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan náà. Gbogbo ìgbà tó o bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pín ojú rẹ̀ sí méjì, Àlgéríà ló san owó rẹ̀.

Ní Ife Àgbáyé 2026, ẹ wo ìsọ̀rí J: Argentina, Jordan, Àlgéríà, Austria. Eré tí wọ́n máa fi kásẹ̀ nílẹ̀? Àlgéríà àti Austria. Bí o ò bá fi èyí parí ètò rẹ, fún mi ní ìdí kan.

Alájé_Òṣogbo

Ẹ̀yin ń sọ 1982. Èmi ṣì ń bínú ife Áfíríkà 2019.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní. Ọjọ́ 14 oṣù keje, Cairo, ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Iná ò sí, mo ra bẹntiróò sínú jẹnẹrétọ̀, ilé kún débi pé wọ́n ń jókòó sórí kúlà mínírà mi. Troost-Ekong fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wọlé wa, Ighalo fi pẹnáritì dá a padà. Ìṣẹ́jú karùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n wà, mo ti ń ṣírò iye mínírà tí màá tà tí wọ́n bá fi àfikún àsìkò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Mahrez dúró lórí fúríkíìkì. Ó fa ṣòkòtò sókè díẹ̀, ó wo ilẹ̀, kò wo ilé. Ó gbá a. Ọwọ́ Akpeyi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé dákẹ́ débi pé jẹnẹrétọ̀ nìkan la ń gbọ́. Ẹnì kan tí kò tíì sanwó ló kọ́kọ́ dìde jáde.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni Bounedjah gbá tirẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ó kan ara ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan, ó ga lọ sókè, ó bọ́ sínú ilé. 1-0, wọ́n gbé ife lọ. Ìmọ̀ràn mi: dárúkọ Mahrez, ṣùgbọ́n má ṣe yìn ín jù níwájú àwa tó ná owó epo.

Àfáà_Ìlọrin

Ti orúkọ ni mo bá wá. Atọ́kùn, àwọn orúkọ wọ̀nyí rọrùn tó o bá mọ ibi tí wọ́n ti ya.

"Ben" ni ọmọ. Bensebaini, Bennacer, Bensaoula, ọmọ lágbájá ni gbogbo wọn. "Bou" wá láti inú èyí tí Lárúbáwá ń pè ní abū, bàbá, àmọ́ lẹ́nu wọn ó sún mọ́ "oní" tiwa: Bounedjah, Boudaoui. "Aït" kì í ṣe Lárúbáwá rárá. Èdè Amazigh ni, àwọn ọmọ ilé báyìí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Rayan Aït-Nouri, ó kúkú dà bíi Ọmọ Nouri. A-ìì-tì ni kó o pè é, má pè é ní "Éètì".

Má pe Mahrez ní Máíréèsì. Sọ "Mah", mí síta bí ẹni tó ń fẹ́ eérú, kó o tó mú "rez" wá.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ "Lárúbáwá" tó o sọ. Má tún un sọ. Àwọn Amazigh ti wà níbẹ̀ kí Lárúbáwá tó dé. Àwọn Kabyle tó wà lórí òkè ní ìlà-oòrùn Algiers jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, láti ọdún 2016 sì ni èdè Amazigh ti di èdè ìjọba pẹ̀lú Lárúbáwá. Ìdílé Kabyle ni Zinedine Zidane ti wá. Tó o bá pe Kabyle ní Lárúbáwá, ojú tó máa fi wò ẹ́ ni ojú tí èmi ọmọ Ìlọrin fi ń wo ẹni tó bá pè mí ní Gàm̀bàrí.

Ẹ jọ̀wọ́, Zidane mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Djamel Zidane gbá fún Àlgéríà ní Ife Àgbáyé 1982 àti 1986, kò bá Zinedine tan. Zinedine, Faransé ló gbá fún. Luca, ọmọ Zinedine, aṣọ́lé ni, òun ló padà wá yan Àlgéríà ní 2025.

Ọ̀dọ́_Ìkẹjà

Èmi ò rí ohun tí ẹ ń pariwo lé lórí. Faransé kejì ni Àlgéríà. Àwọn tí Faransé ò fẹ́ ni wọ́n ń kó jọ. Ọmọ Faransé ló gba ife 2019 yẹn, ẹ sọ òótọ́.

Ìyá_Ìbejì_Lyon

Ọ̀dọ́, Ademola Lookman, ìlú wo ni wọ́n bí i sí? Ṣé kò gbá fún àwọn ọ̀dọ́ England? Nígbà tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ṣé o pè é ní ọmọ tí England ò fẹ́? Ó ní láti jẹ́ pé o jó bíi tàwa yòókù.

Sarcelles, létí Paris, ni wọ́n bí Mahrez sí, ní 1991. Bàbá rẹ̀ wá láti Beni Snous lọ́dọ̀ Tlemcen, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nígbà tí bàbá náà kú. Kò gbá fún ikọ̀ ọ̀dọ́ Faransé kankan. Ó gbá fún Quimper ní ìpele ìsàlẹ̀, ó kọjá sí Le Havre kí Leicester tó rí i ní 2014. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Leicester gba líìgì England.

Rẹfirí_Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n fi òfin tì yín lẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, tí ọmọ bá ti gbá ìdíje fún ikọ̀ ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan, ó ti di tibẹ̀. Ní 2004 ni FIFA ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún lè yí padà. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé ni Antar Yahia, ó fi àwọn ọ̀dọ́ Faransé sílẹ̀ lọ bá Àlgéríà. Ní 2009, ìpàdé FIFA ní Bahamas, àjọ bọ́ọ̀lù Àlgéríà ló gbé àbá wá pé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlélógún yẹn kúrò, wọ́n sì gbà á.

Oṣù kọkànlá ọdún 2009 kan náà, Àlgéríà àti Íjíbítì gba àmì kan náà, góòlù kan náà, wọ́n ní kí wọ́n lọ parí rẹ̀ ní Omdurman ní Sudan. Ní Cairo, ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti sọ òkúta lu bọ́ọ̀sì àwọn Àlgéríà, ẹ̀jẹ̀ jáde lórí agbábọ́ọ̀lù. 1-0 ló parí sí ní Omdurman. Ta ló gbá a? Antar Yahia. Láti igun tó há, ó gbá a lókè afẹ́fẹ́. Bí Àlgéríà ṣe padà sí Ife Àgbáyé lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún nìyẹn.

Ọ̀dọ́_Ìkẹjà

Ó dáa, mo ti gbọ́. Lookman yẹn dùn mí.

Atọ́kùn_Òwúrọ̀

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo sọ o! Ọ̀rọ̀ yín ti di wákàtí mẹ́ta. Ṣé kí n tilẹ̀ kan Ife Àgbáyé 2014 rárá? Àti pé kí ni "fennec" tí wọ́n ń pè wọ́n?

Àfáà_Ìlọrin

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aṣálẹ̀. Ó kéré ju ológbò lọ, etí rẹ̀ wá tóbi bíi pé ó yá wọn. Etí yẹn ló fi ń gbọ́ kòkòrò tó ń rìn lábẹ́ yanrìn, òun náà ni ooru ń gbà jáde lára rẹ̀. Àwọn ará ilé tiẹ̀ máa ń pe ikọ̀ náà ní El Khadra, Aláwọ̀ Ewé. Bó o bá fẹ́ gbóríyìn fún wọn, pè wọ́n ní jagunjagun aṣálẹ̀, àwọn náà ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀.

Alájé_Òṣogbo

Kan 2014 díẹ̀. Vahid Halilhodžić ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Wọ́n gbá mẹ́rin wọlé South Korea, Slimani fi orí dá ti Rọ́ṣíà padà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa kọjá ìsọ̀rí. Ta ló dúró dè wọ́n? Jámánì. Ní Porto Alegre, aṣọ́lé wọn, M'Bolhi, ń gba bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń gba gbèsè. Neuer, aṣọ́lé Jámánì, náà ń sáré jáde kúrò nílé rẹ̀ bíi dìfẹ́ńdà torí àwọn ọmọ Àlgéríà ń yọ sẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn aadọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, òdo sí òdo. Nínú àfikún àsìkò ni Jámánì fi 2-1 lọ, Djabou sì dá ọ̀kan padà nígbà tí kò sí àsìkò mọ́. Jámánì yẹn ló gba ife lọ́dún náà o.

Láti ìparí ọdún 2018, ti ife Áfíríkà 2019 wà nínú rẹ̀, eré márùndínlógójì ni wọ́n gbá láìfìdí rẹmi lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Djamel Belmadi. Equatorial Guinea ló já a ní oṣù kìn-ín-ní 2022. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Blida, wọ́n ti fẹ̀yìn Kamẹrúùnù lélẹ̀ tán, ó ku ìṣẹ́jú àáyá, Toko Ekambi gbá a wọlé, Ife Àgbáyé 2022 ní Qatar di àlá. Nígbà tí Mauritania náà tún wá nà wọ́n ní 2024, Belmadi lọ. Petković ló gbà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, òun ló kó wọn dé Ife Àgbáyé 2026. Mohamed Amoura ni kí ẹ máa wò: mẹ́wàá ló gbá nínú ìdíje ìpegedé, kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbá jù ú lọ. Kò ga. Ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ẹ jẹ́ kó tún yé àwọn olùgbọ́ pé àwọn Super Eagles nà wọ́n ní 2-0 ní Marrakech ní oṣù kìn-ín-ní 2026. Ilé mi kún lọ́jọ́ náà. Ìdajì owó epo 2019 padà.

Ọ̀dọ́_Ìkẹjà

Ẹ sì fi ti Constantine 2017 kún un, a gbá ọ̀mì 1-1.

Rẹfirí_Ọ̀yọ́

Lórí pápá ni. Nínú ìwé, 3-0 ni Àlgéríà fi borí. A fi Shehu Abdullahi sínú eré nígbà tí káàdì tó ní kò jẹ́ kó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. A ti pegedé fún Ife Àgbáyé 2018 ní Rọ́ṣíà tán, ló fi dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Atọ́kùn, ẹni kan á pè wọlé láti sọ 1-1. Múra sílẹ̀ dè é.

Ìyá_Ìbejì_Lyon

Mo gbàgbé ohun kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Bàbá Sùúrùlérè, ẹ rántí àṣekágbá ife Áfíríkà 1990 ní Algiers?

Bàbá_Sùúrùlérè

Ìwọ obìnrin yìí, kí ló dé tó o fi ń tú egbò mi? Mo rántí. Oudjani ló gbá a. 1-0.

Ìyá_Ìbejì_Lyon

Ẹ má bínú, bàbá mi. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́jọ́ náà ni Abdelhamid Kermali, ẹni tó sá kúrò ní Lyon níbí ní 1958. Chérif Oudjani tó gbá góòlù yẹn, Lens ní Faransé ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Ahmed Oudjani, gbá bọ́ọ̀lù fún Lens, òun náà sì fi í sílẹ̀ lọ bá ikọ̀ FLN. Orúkọ pápá ìṣeré tí wọ́n ti nà yín? 5 Juillet 1962, ọjọ́ òmìnira. Ẹni tó wà lórí àga akọ́nimọ̀ọ́gbá pẹ̀lú Mahieddine Khalef nígbà tí wọ́n na Jámánì ní 1982? Rachid Mekhloufi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Atọ́kùn bẹ̀rẹ̀ láti 1958. Ibi yòówù kó gbà wọlé, àwọn ọkùnrin inú fọ́tò yẹn ló máa bá níbẹ̀.

Bàbá_Sùúrùlérè

Haa. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò mọ èyí. Mo gbà fún ẹ. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 1958.

Atọ́kùn_Òwúrọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ṣe é. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ẹ ṣé gan-an.

Mo fi fọ́tò ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ (Ìyá Ìbejì, mi ò sọ àdúgbò yín). Mo ní kí n yára kọjá 1958 ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́rìnlá ló gbà. Nígbà tí mo dé ibi tí Mekhloufi ti jẹ́ sójà, ọmọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ gbàgbé láti gbé ìpolówó ọjà sí i, oníṣòwò agbo kan ti pe ọ̀gá wa láti bèèrè owó rẹ̀ padà. Mo sọ Gijón bí Rẹfirí ṣe ní kí n sọ ọ́, mo dẹ ohùn sílẹ̀. Mi ò dé ọ̀dọ̀ Mahrez rárá. Àsìkò ti tán.

Bàbá ọ̀sẹ̀ tó kọjá tún pè. Mo mọ ohùn rẹ̀. Ó ní, "O ti ń gbìyànjú." Ó pa fóònù.

Ọ̀gá ní kí n ṣe apá kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí mo bá ṣèlérí pé ìpolówó ọjà máa wọlé. Ṣé kí n fi 1990 bẹ̀rẹ̀?

Bàbá_Sùúrùlérè

Fi í bẹ̀rẹ̀. Àṣekágbá ni kó o sọ o. Eré tí wọ́n fi ṣí ìdíje náà, èyí tí wọ́n gbá márùn-ún wọlé wa, má kà á sókè. Ìyàwó mi máa ń gbọ́ ètò ẹ.